Lẹ́tà Jósáyà sí Ìyá Rẹ̀ ní Inisa

Háà, Jósáyà! Háà, Oyèédélé ọmọ Inisa! Ṣé bó ṣe máa rí nìyí? Ọ̀rẹ́ tí a jọ pín iyàrá kan àti àtùpà kan ní Òkukù, ìwọ náà ti lọ, o fi èmi nìkan sílẹ̀ láàrin àwọn tí kò mọ̀ ọ́ kí o tó di ẹni tí ń wọ kóòtù.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi tó pé jọ lónìí, àwọn ọmọ olóògbé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé yìí. Wọ́n ní kí ó má gùn jù. Mo fura pé wọ́n ti gbọ́ nípa mi. Mo sì tún fura pé kí ẹ tó ṣí ìwé dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ó ti kà á ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pé olóògbé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí láyé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo máa ń dá iṣẹ́ tí ẹnì kan wò kọ lára ẹnì kejì mọ̀. Jósáyà ṣẹ èèyàn. Èmi náà ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ sọ kí wọ́n tó bo ilẹ̀ mọ́ ọn.

Jósáyà, aṣojú tí ojú kò tì níwájú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ òyìnbó, ọkùnrin gíga tí bàtà rẹ̀ kì í ní eruku, ẹni tó lè jókòó ti èèyàn fún wákàtí méjì láìsọ nǹkan kan, tí onítọ̀hún yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ! Kì í ṣe òkèèrè ni wọ́n ti kọ́ ọ ní èyí. Òkukù ni mo ti rí i lára rẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwa méjèèjì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bí mo bá bi ọ́ pé, "Ṣé o ti jẹun?" ìwọ á ní, "Kí ló mú ọ béèrè?" Bí ọ̀gá wa bá fẹ́ mọ ẹni tó gbé agogo iléèwé, ìwọ á ní ọ̀rọ̀ náà ní apá púpọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti fura pé ìjọba nìkan ló máa lè rí iṣẹ́ fún ọ.

Ìjọba sì rí i. O lọ sí yunifásítì, o lọ sí òkè òkun, o padà dé sí Èkó nígbà tí òmìnira ku díẹ̀, wọ́n sì mú ọ sí ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí wọ́n fi rán ọ lọ sí Jámánì. Èmi ti kúrò ní Òkukù nígbà náà. Mo ń kọ́ni ní Inisa, ní ìlú rẹ gan-an, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé wa ní Ìkìrun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn ará Inisa kò gbà pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ rẹ. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò yín ti ṣòwò dé Kùmásí, wọ́n mọ ohun tí èèyàn ń lọ ṣe ní ilẹ̀ onílẹ̀. Wọn á dá mi dúró lórí kẹ̀kẹ́.

"Tíṣà, kí ni Jósáyà ń tà ní Jámánì?"

"Kò tajà."

"Ṣé dókítà ni?"

"Rárá o. Ó ń bá ìjọba wọn sọ̀rọ̀ nítorí tiwa."

"Tàwa ta ni? Èmi ò rán an níṣẹ́ o."

Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Ìkìrun tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láìṣe ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ẹ kàn ń ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ ni." N kò bá a jiyàn. Èmi náà ti ń rò ó.

Lẹ́tà rẹ ló jẹ́ kí n máa rò ó. Ìyá rẹ kò mọ̀wé, èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún wọn. Irú ọmọ wo ló ń fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀? Nígbà tí mo kọ̀wé béèrè, o fèsì pé ojú púpọ̀ ló ń yẹ lẹ́tà wò ní ilẹ̀ yẹn, pé bí wọ́n bá rí Yorùbá, wọ́n lè sọ pé èdè àṣírí ni. O wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí o máa ń sọ títí o fi darúgbó: "Kọ lẹ́tà rẹ bí ẹni pé ọ̀tá ló máa kọ́kọ́ kà á." Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í ṣe ọ̀tá.

Bí lẹ́tà bá dé, Ìyá á wẹ̀, wọn á ró aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú aró jáde, wọn á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́dọ̀ kà á. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ wà fún etí, ti ẹ̀ẹ̀kejì fún ọkàn, ti ẹ̀ẹ̀kẹta kí ó má baà lọ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí wọn kò lè tún sọ láìsí ìwé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ láti Jámánì dé, mo ṣí i, mo yí i sí Yorùbá bí ó ṣe wà: "Ìyáàfin, mo ní ọlá láti sọ fún yín pé ara mi le. Ojú ọjọ́ tutù. Ìpàdé tí a ṣe pẹ̀lú àwọn ìjòyè ilẹ̀ yìí yọrí sí rere. Èmi ni, Ìyáàfin, ìránṣẹ́ yín olùgbọ́ràn."

Ìyá wò mí. "Ta ni Ìyáàfin? Tíṣà, ṣé kì í ṣe lẹ́tà ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa?"

Ojú wọn ṣú. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra, ó wá jẹ́ pé ojú ọjọ́ Jámánì ni wọ́n múra dè. Mo bẹ̀rẹ̀ kíkà ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí mo dé ibi tí ojú ọjọ́ ti tutù, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo ní: "Màámi, orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń dùn yín?"

"O ò ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan," ni Ìyá wí.

Mo ní mo fo ìlà kan ni.

Ìlà tí mo fò yẹn ló bí gbogbo wàhálà. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà rẹ kan kò wọ Inisa kí n má tún un ṣe. O bi ìyá rẹ nípa orúnkún wọn. O ní kí wọ́n má ta ewúrẹ́ dúdú tí wọ́n fẹ́ràn. O ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò wo òrùlé wọn kí òjò tó dé. O ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkìrun, wọ́n sì lọ, torí pé ìwọ lo sọ ọ́. Wọn ì bá má gbọ́ bó bá jẹ́ èmi. Kí n má baà gbàgbé ohun tí mo sọ kí n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí etí ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà: orúnkún, ewúrẹ́, òrùlé. Èmi náà ni mo ń kọ èsì Ìyá, mo sì ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí aṣọ́bodè ni mo ṣe ń ṣe é. Èyí tí mo jẹ́ kí ó wọlé, n kì í jẹ́ kí ó jáde.

Ẹ má pè mí ní aláàánú. Mo ń gbádùn rẹ̀. Ìwọ ni aṣojú ìjọba ní Jámánì. Èmi ni aṣojú rẹ ní Inisa, mo sì rí i pé mo mọ iṣẹ́ náà jù ọ́ lọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ní àkókò ìsinmi gígùn kan pé wọ́n pe àwa olùkọ́ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ìyá ní kí ìyàwó Pásítọ̀ bá wọn kọ èsì. Obìnrin olóòótọ́ ni, ohun tí wọ́n sọ fún un gan-an ló kọ: "Jósáyà ọmọ mi, orúnkún tí o béèrè ti ń fúyẹ́. Ewúrẹ́ tí o ní kí n má tà, n kò tà á. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni kò tíì yanjú." Lẹ́tà yẹn bá ọ ní Jámánì, ìwọ tí o kò béèrè orúnkún ẹnikẹ́ni rí. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Ìwọ gba ìsinmi, o wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, o sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìkìrun, tìwọ ti kóòtù, tìwọ ti táì, tìwọ ti fáìlì lábẹ́ apá. Ilé wa lo kọ́kọ́ yà sí. O ti ilẹ̀kùn, o wo ojú fèrèsé, o wá ní, "Àwọn kan ti wọ inú lẹ́tà mi. Wọ́n ń kọ ohun tí n kò kọ sí ìyá mi. Mo fẹ́ ṣe ìwádìí lónìí, mo sì fẹ́ kí ìwọ tí mo fọkàn tán jókòó tì mí, kí o máa kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ sílẹ̀."

Mo ní ó dáa. O gun ọkọ̀ lọ, mo fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé ọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ, o jókòó bí adájọ́. Ìyá gbé agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó àwọn lẹ́tà sí wá, o tú u sórí tábìlì. O rí pẹ́ńsù. O bọ́ gíláàsì, o nù ún, o tún un wọ̀.

"Orúnkún," o kà á. "Ewúrẹ́. Òrùlé." Ohùn rẹ lọ sílẹ̀. "Èdè àṣírí nìyí."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: èdè àṣírí.

O wá ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá. Ọmọ Òkukù ni, òun ló ń tọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré tó wà ní Inisa. Ó ti jagun ní Bọ́mà, ó ń tiro díẹ̀, òun náà sì mọ iyì ara rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà kan, ó ní ẹ̀ẹ̀kan kò buyì kún ìjọba.

"Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, àwọn àjèjì wo ló ń wọ ọ́fíìsì yín?"

"Àjèjì kẹ̀, sà? Kò sí ẹni tó ń wọlé tí kò nídìí níbẹ̀, àfi ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́!" O fò dìde. "Kọ ọ́ sílẹ̀!" Mo kọ ọ́.

"Ta ni ẹ ń ṣiṣẹ́ fún gan-an?"

Ọkùnrin náà nà ró bí ẹni tó tún wà níwájú ọ̀gá ológun. "Ìjọba kan náà tí ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́ fún ni, sà. Mo gbé ìbọn fún wọn ní Bọ́mà, n kò ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ṣé ti Inisa ni n óò wá ṣí?"

O fi ìwé kan hàn án. O ti tẹ ẹ̀sùn sílẹ̀ de àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Òṣogbo, ojú ìwé mẹ́rin, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé ni yóò gbé e lọ. Ẹnu rẹ tólẹ̀ ní ìgbà náà. Bí ìwé yẹn bá dé ọ̀hún, iṣẹ́ Láyíwọlá ti tán, òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà yóò sì padà sí Òkukù pẹ̀lú orúkọ ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu mi ló lè dá a dúró. Àwọn tó kù níbẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí mo rò pé wọn kò mọ̀. Mo dìde.

"Tíṣà, jókòó," ni Ìyá wí.

Mo jókòó.

"Jósáyà, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Tíṣà ló ń fi kún un."

O yíjú láti ọ̀dọ̀ wọn sí ọ̀dọ̀ mi. "Màámi, ẹ mọ̀?"

"Kí ni n ò ṣe ní mọ̀? Ìgbà tó kọ́kọ́ kà á, kò sí orúnkún níbẹ̀. Ìgbà kejì, orúnkún dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó. Bí ojú rẹ̀ bá wà lára ìwé, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni: òtútù, ìpàdé, Ìyáàfin. Bó bá gbójú sókè wo ẹsẹ̀ mi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Kí n sọ, kó má kà á mọ́? Jósáyà, èyí tí kì í ṣe tìrẹ yẹn ni mo máa ń dúró dè."

Láyíwọlá ló fi ohùn wẹ́lẹ́ béèrè bóyá kí òun máa lọ, torí pé àpò lẹ́tà ọkọ̀ ọ̀sán ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tí o ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ń yìn ọ́ lónìí, Jósáyà, n kò sì mọ aṣojú ìjọba mìíràn tó lè ṣe é. O fa ìwé ẹ̀sùn náà ya. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, o gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Láyíwọlá ní kí o tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ. O tò. Nígbà tó kàn ọ́, o dọ̀bálẹ̀ tìwọ ti kóòtù lójú gbogbo wọn. Ó wò ọ́ títí, ó lu òǹtẹ̀ sórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mo gbà á, sà. Ẹni tó kàn!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a rìn dé ìdí ojú irin, o sì sọ nípa iṣẹ́ rẹ fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́. O ní níbi àsè wọn, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ọ jù ni wàá kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, o sì mọ̀ pé òun náà ń kọ tìrẹ. O ní kò sí ẹni tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè ní ilẹ̀ yẹn láìnídìí. O ní o ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹni tó ń gbé ilé kejì béèrè bóyá o sùn dáadáa, o kò dá a lóhùn, o sì ń ro ìdí tó fi béèrè títí o fi dé ọ́fíìsì. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ojú rẹ, n kò lè ṣe é.

Nígbà tí o padà sí Jámánì, lẹ́tà kan dé, ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́, Yorùbá ni. "Màámi, orúnkún ńkọ́?" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. O kò mọ ohun tó tún kù láti sọ. Ìyá ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n sì fi ń wo ojú mi. Ojú mi kò kúrò lára ìwé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ìyá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti ìwọ nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ní, "Ọjọ́ ìwádìí yẹn, nígbà tí o dìde, ṣé o fẹ́ sọ̀rọ̀ ni, àbí ò ń lọ?"

Mo dá ọ lóhùn bí ìwọ gan-an ì bá ṣe dá mi lóhùn. Mo ní, "Kí ló mú ọ béèrè?"

O rẹ́rìn-ín. O kò tún bi mí mọ́ títí o fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí o bá kí mi pé, "Tíṣà, ṣé dáadáa ni?" mo máa ń fura sí ìkíni náà. Nígbà ìgbéyàwó àkọ́bí rẹ, o fi mí sí ìjókòó tó kọjú sí tìrẹ. Mo fura sí i. Nígbà tí o fẹ̀yìn tì, tí o padà wálé, tí o ń mú iṣu tuntun wá fún mi lọ́dọọdún, mo fura sí iṣu náà pàápàá.

Èyí ni ìdáhùn, Jósáyà. Mo ń lọ ni. Kẹ̀kẹ́ mi wà lára ògiri, Ìkìrun ni mo fẹ́ gbé e gbà. Mo fẹ́ jẹ́ kí ìwé náà lọ sí Òṣogbo, kí Láyíwọlá lọ sí Òkukù, kí èmi sì máa jẹ́ ẹni tí o fọkàn tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó tẹ̀lé ọ kúrò nílé wa, mo ti yọ pẹ́ńsù kúrò nínú àpò mi, mo fi bírò rọ́pò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lọ́wọ́ mi. Bí ìyá rẹ kò bá ní kí n jókòó, ǹ bá ti lọ láìsọ nǹkan kan. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí Ìyá bá gbọ́, wọn kò ní jẹ́ kí n ka lẹ́tà fún wọn mọ́.

Láyíwọlá ti kú, n kò sì sọ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Òkukù. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ wọn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní gbangba, bí ìwọ ṣe tọrọ tìrẹ.

Mo fura pé o ti mọ̀, Jósáyà, pé ìdí tí o fi rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Bí o bá mọ̀, o ṣeun tí o ṣì fi mí ṣe ọ̀rẹ́. Bí o kò bá mọ̀, bínú sí mi dáadáa níbi tí o wà. Èmi náà kò ní pẹ́ dé, a ó jókòó síwájú ìyá rẹ, a ó sì parí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, gbé orí rẹ lélẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́. Sùn, Jósáyà, sùn re.